Ṣé ká lọ ni, àbí ká fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́?

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ míṣọ̀n nínú ìjọ wa. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní àdúgbò kan tí ìṣẹ́ ń bá fínra, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn sí wa. Àwa 24 la fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kun ilé-ìwé náà lọ́dà, kí wọ́n sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn ìyá ìjọ ti kó ìwé, aṣọ àti bàtà jọ. Nígbà tí a ṣèpàdé kẹ́yìn, alàgbà kan dìde, ó ní owó tí a ó fi wọkọ̀ ju ohun tí a ó ṣe níbẹ̀ lọ, ó ní ká fi owó náà ránṣẹ́ ká sì jókòó sílé. Àwọn ọ̀dọ́ ní Bàbá kò nífẹ̀ẹ́. Ìpàdé dàrú. Ta ló tọ̀nà? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé a ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́?"

Arábìnrin mi, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìfaradà. Ó ti lé ní ọdún 20 tí mo ti ń bá àwọn ìjọ ṣètò irú ìrìn-àjò yìí, agbára káká ni mo fi rí ìjọ tí ọ̀rọ̀ yìí kò dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kí n tó dá ẹnikẹ́ni láre, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń wá ibi tí ọ̀gá ilé-ìwé náà ti sọ̀rọ̀, n kò rí i. Àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀, alàgbà sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ láràárọ̀, àwọn òbí tó ni àwọn ọmọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ títí lẹ́tà fi parí. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́. Ẹ ti ń jiyàn lórí ìdáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ onílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Bàbá Alàgbà yẹ̀ wò. Ìṣirò ni Bàbá ṣe, ẹni tó bá ṣírò kò sì ṣẹ̀ sí ìgbàgbọ́. Lẹ́yìn tí ìjì ńlá Mitch ba Honduras jẹ́ ní 1998, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ láti Amẹ́ríkà Àríwá rọ́ lọ síbẹ̀ láti kọ́ ilé fún àwọn tí ilé wọn wó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Honduras, Kurt Ver Beek, tọ àwọn tó gba ilé lọ, ó tún tọ àwọn tó wá kọ́ ọ lọ, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Ilé tí àwọn ẹgbẹ́ ìbílẹ̀ kọ́ ń ná wọn ní nǹkan bí $2,000. Nígbà tí a bá ka owó ọkọ̀ òfurufú àti ìtọ́jú àwọn àlejò mọ́ ọn, èyí tí ẹgbẹ́ àlejò kọ́ ń lọ sí nǹkan bí $30,000. Ó wá wo ìgbé-ayé àwọn tó ń gbé inú ilé ti ìhín àti ti ọ̀hún, kò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gbòógì. Èyí tó dùn mí jù nínú ìwádìí náà ni ti àwọn tó rìnrìn-àjò. Wọ́n ní ìrìn-àjò náà yí ayé àwọn padà, ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ọrẹ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ míṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe pe Bàbá ní aláìnífẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ mú bíró àti ìwé. Ẹ kọ owó ọkọ̀, oúnjẹ, ibùsùn, títí kan aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa tẹ orúkọ ìjọ sí láyà, sí apá kan. Ẹ kọ owó tí yóò dé ọwọ́ ilé-ìwé gan-an sí apá kejì. Mo ṣe é pẹ̀lú ìjọ kan rí. Apá kìíní tó ìlọ́po mẹ́rin ìkejì. Yàrá ìpàdé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ìwé ètò ìrìn-àjò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ po, ó ń ṣẹ́ ẹ po títí ó fi kéré bí àpòòwé, kò sì sọ nǹkan kan.

Àmọ́ Bàbá náà kò tíì rí i tán. Owó tí a fi ránṣẹ́ láìsí ojúlùmọ̀ ní ewu tirẹ̀, olè kọ́ sì ni ewu náà lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ìjọ kan tó fi owó àga àti tábìlì ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kan. Oṣù méjì kí owó náà tó dé ni atẹ́gùn ti ṣí òrùlé kíláàsì méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé fi owó náà kan òrùlé, ó sì bẹ̀rù láti sọ, torí pé àga ni ìjọ ní kó rà. Ọdún kan gbáko ló fi ń kọ lẹ́tà pé àga ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ń dúpẹ́. Nígbà tí a débẹ̀ tí a bá àwọn ọmọ lórí ilẹ̀ lábẹ́ páànù tuntun, ọkùnrin náà sunkún níwájú wa. Ohun tó ṣe ló tọ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ì bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì orí 11 fi ọ̀nà kan hàn wá tí mo fẹ́ràn: ìyàn mú ní Jùdíà, ìjọ Áńtíókù dá owó, gbogbo ìjọ kò sì tú jáde lọ síbẹ̀, Bánábà àti Sọ́ọ̀lù ni wọ́n fi rán sí àwọn àgbà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù tún ń kó owó fún àwọn ará Jerúsálẹ́mù, ó sọ nínú 2 Kọ́ríńtì orí 8 pé Títù kò dá lọ, àwọn arákùnrin mìíràn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn lórí owó náà. Owó lọ, ènìyàn bá a lọ, ṣùgbọ́n èèyàn díẹ̀, tí gbogbo ìjọ fọkàn tán.

Ìwé tí ẹ kó jọ wá ńkọ́? Ní ilé-ìwé kan tí mo dé, ọ̀gá ilé-ìwé fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ lápò, ó ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Páálí ìwé ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, òǹtẹ̀ ìjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lára wọn. Ikán ti jẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí mo ṣe gbé e báyìí, erùpẹ̀ ló dà jáde. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ti ìwé mọ́lé. Ó ní bí òun bá kó o fún àwọn ọmọ, wọn yóò fà á ya, bí àwọn tó gbé e wá bá sì padà dé tí wọn kò bá a ní pípé, ojú yóò ti òun. Mo ṣí ọ̀kan: ìtàn ọmọdé ni, ní èdè tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ibẹ̀ kò lè ka gbólóhùn kan nínú rẹ̀ já. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Paul Glewwe, Michael Kremer àti Sylvie Moulin, tọpa irú nǹkan yìí ní ìgbèríko Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti pín ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ilé-ìwé kan, tí àwọn mìíràn kò sì tíì gbà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 ni pé àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé dáadáa tẹ́lẹ̀ nìkan ni máàkì wọn gòkè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ọ̀hún, èdè kẹta sì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ọmọ tí kò tíì mọ a-b-d kò lè fi ìwé kíláàsì kẹrin ṣe nǹkan kan ju ìrọ̀rí lọ.

Ti aṣọ àti bàtà kò gùn. Ẹ má ṣe pín in fún ọmọ lójú pópó tàbí látinú ọkọ̀; ìjà ni yóò dá sílẹ̀, ọmọ tí kò rí gbà yóò sì máa rántí yín fún ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àìní aṣọ ilé-ìwé ló ń dá àwọn ọmọ kan dúró sílé, ẹ bá àwọn olùkọ́ wá orúkọ wọn, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ náà fún télọ̀ tó wà ládùúgbò.

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ gba sùúrù, torí ibẹ̀ ni ọkàn àwọn ọ̀dọ́ wà. Lọ́dún kan, a kó nǹkan bí 30 èèyàn lọ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì. A tò bí èèrà, à ń gbé búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́, à ń kọrin. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin jókòó sábẹ́ igi ní ìkọjá ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Mo rò pé orin wa ló dùn mọ́ wọn. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbọ́ pé bíríkìlà ni mẹ́ta nínú wọn, pé wọn kò ríṣẹ́ ṣe fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àti pé ọ̀kan nínú wọn ní ọmọ méjì nínú ilé-ìwé yẹn gan-an. A ti rìn jìnnà, a ti ná owó, ká lè wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ọmọ tí a wá ràn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbà fún ìjọ kankan mọ́ pé kí wọ́n kọ́ ohun tí bíríkìlà ìlú lè kọ́. Ọ̀dà náà kò yàtọ̀. Bí òrùlé bá ń jò, ọ̀dà tó dára jù lọ kò ní kọjá òjò ọdún kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí ẹ sì tó kọ́ yàrá tuntun, ẹ béèrè ta ni yóò kọ́ni nínú rẹ̀. Mo ti rí yàrá tuntun tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀ torí pé kò sí olùkọ́.

Kí ló ń dá ọmọ tálákà dúró lórí ẹ̀kọ́ gan-an? Ohun tí mo rí jù ni pé ọmọ ń gòkè láti kíláàsì dé kíláàsì, kò sì lè kàwé. Olùkọ́ ń kọ́ ohun tó wà nínú ètò ẹ̀kọ́, ọmọ ń ṣe bí ẹni pé ó yé òun. Ní Íńdíà, àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn àdúgbò tálákà ìlú Mumbai ní 1995, wá ọ̀nà kan sí i: wọ́n ń dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, wọn a wá pín wọn sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n lè kà, wọn kò wo ọjọ́ orí tàbí kíláàsì, wọ́n sì ń fi àkókò kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún kíkà àti ìṣirò nìkan. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí àwọn àti Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, wà lára àwọn tó dán an wò ní ilé-ìwé púpọ̀ tí wọ́n sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò náà fúnra wọn lè ṣe é bí a bá kọ́ wọn. Owó tí yóò fi gbé ọ̀dọ́ 1 láti ìjọ yín lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lè tó fún ọ̀dọ́ ibẹ̀ kan láti fi ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní tiyín.

Ìlera náà wà níbẹ̀. Kremer àti Edward Miguel tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004 nípa ilé-ìwé 75 ní Kẹ́ńyà tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn. Àìwá sí ilé-ìwé dín kù ní ìdámẹ́rin. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí àǹfààní náà ṣe tó níbòmíràn, nítorí náà n kò ní sọ pé oògùn aràn ló máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ má sì ṣe di oògùn sínú báàgì lọ pín. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ló mọ ohun tí àwọn ọmọ ti lò àti ohun tó kù. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2009 fún àwọn ilé-ìwé tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 1 fún ọmọbìnrin 25, àti 1 pẹ̀lú ibi ìtọ̀ fún ọmọkùnrin 50. Mo ti dé ilé-ìwé tí àwọn ọmọbìnrin tó lé ní 200 ń lo ẹyọ kan, tí kò nílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó ti bàlágà yóò dúró sílé ní ọjọ́ mélòó kan lóṣù, ẹ ò sì ní gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi bí obìnrin bá wà láàárín yín tí àwọn olùkọ́ obìnrin lè finú hàn.

Mo fẹ́ sọ ti omi níbí, torí pé ìjọ fẹ́ràn láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ní 2009, àjọ Rural Water Supply Network, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ní ìgbèríko, ṣe àkójọ kan, ó sì fi hàn pé nǹkan bí 1 nínú pọ́ǹpù ọwọ́ 3 ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà ni kò ṣiṣẹ́. Mo ti dúró nídìí ọ̀kan. Orúkọ ìjọ tó gbẹ́ ẹ wà lára sìmẹ́ńtì, lẹ́tà rẹ̀ ṣì mọ́ rekete. Ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe fa irin gígùn yẹn sókè, ó fi wọ́ṣà rọ́bà kan hàn mí, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Rọ́bà yẹn nìkan ló bàjẹ́. Ó ti pé oṣù 14 tí àwọn ọmọ ti padà sí odò, torí pé nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga náà, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra rọ́bà, ẹni tí yóò san án, àti ẹni tó mọ bí a ṣe ń tú u.

Nípa àwọn ọmọ fúnra wọn, n kò ní fi dúdú pe funfun fún yín. Kí ẹ wádìí gbogbo ẹni tó bá máa lọ, kódà bó jẹ́ ọmọ pásítọ̀. Kí àgbàlagbà kankan má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Kí ẹ má ṣe ya fọ́tò ọmọ láìgba àyè lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní fẹ́ kí wọ́n gbé fọ́tò ọmọ yín tó ń ṣàìsàn, tí imú rẹ̀ ń ṣàn, sórí ògiri ìjọ, ẹ má ṣe gbé ti ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀.

Nígbà náà, kí lẹ ó ṣe? Tí ó bá jẹ́ èmi, èèyàn 24 kò ní lọ lọ́dún yìí. Èèyàn 3 ni yóò lọ, ọ̀kan nínú wọn obìnrin, wọn kò sì ní mú ẹ̀bùn dání. Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó wá dìde lóru pẹ̀lú ọkùnrin díẹ̀, ó ń wo odi kiri, kò tíì sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ gba àyè. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí ẹ kàn máa wò. Ẹ bá ìgbìmọ̀ òbí sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá níbẹ̀, kí ẹ sì bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "Kí lẹ fẹ́?" Ẹni tí ebi ń pa tí àlejò bi ní irú ìbéèrè yẹn yóò dárúkọ ohun tó bá rò pé àlejò fẹ́ fún un. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti ṣe fúnra wọn, ibo ló ti há, kí sì ni ẹni tó wá ṣáájú yín fi sílẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìbéèrè kẹta yẹn ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ìpàdé míṣọ̀n tí mo lọ.

Bí àwọn 3 náà bá padà dé, ó lè jẹ́ pé owó ni ilé-ìwé nílò, ẹ ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn tí ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ òbí jọ kọ, tí ẹ ó sì fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti sọ pé "òrùlé ṣí, a lò ó síbẹ̀." Ó sì lè jẹ́ pé ènìyàn ni wọ́n nílò: olùkọ́ àgbà méjì nínú ìjọ yín tó lè bá àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, tàbí akápò tó lè kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ìwé owó. Ìrìn-àjò àwọn ọ̀dọ́ náà ní àǹfààní, n kò ní parọ́; mo mọ àwọn tó di olùkọ́ nítorí ohun tí wọ́n rí nínú ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ àǹfààní àwọn tó lọ nìyẹn. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì tinú àpò ìdílé wọn wá, kí ẹ má ṣe yọ ọ́ nínú ọrẹ tí ẹ gbà lórúkọ ilé-ìwé.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìjọ kan kò lè ṣe. Ẹ kò lè san owó oṣù gbogbo olùkọ́ títí ayé, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án láìmọ ọjọ́ tí ẹ ó dáwọ́ dúró àti ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Mo ti bá ilé-ìwé kan rìn fún ọdún 6, a ṣe gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, síbẹ̀ wọ́n gbé ọ̀gá tó dára kúrò níbẹ̀, èyí tó kù sì fọ́ láàárín ọdún méjì. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ bi mí bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ ka nǹkan mélòó kan lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́: ọmọ mélòó ló wá lọ́jọ́ náà nínú àwọn tó wà nínú ìwé orúkọ, mélòó nínú kíláàsì kẹta ló lè ka ìpínrọ̀ kan ní èdè tó gbọ́, ṣé omi ń yọ nínú pọ́ǹpù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló nílẹ̀kùn. Lẹ́yìn oṣù 12, ẹ padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Bánábà nínú Ìṣe 15 pé kí àwọn padà lọ bẹ àwọn ará wò ní gbogbo ìlú tí àwọn ti wàásù, kí àwọn mọ bí wọ́n ṣe wà.

Ní ti Bàbá Alàgbà, ẹ má dúró de ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ̀yin àti aṣojú àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wà nínú àwọn 3 tí yóò kọ́kọ́ lọ wo ilé-ìwé náà.